Ṣé Ọwọ́ Ni Àbí Ọkàn?

Gbogbo ará ọ́fíìsì ló ń pe ọkùnrin náà ní Rúlà, kò sì sí ẹni tó rántí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ náà bá a mu, òun náà kò sì kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba àwòrán ilé tí àwọn ọ̀gá bá fi ọwọ́ lásán fà, kí ó tún un fà kí ó tọ́, kí ó fi yíǹkì sí i, kí ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, títí tí àwọn bíríkìlà yóò fi lè kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà láti ilé. Bí ó bá ti jókòó ti tábìlì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, tí rúlà gígùn wà lọ́wọ́ òsì, tí bírò ẹlẹ́nu ṣóńṣó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, eṣinṣin lè bà lé e létí kó má mọ̀. Ìlà tó bá fà kì í wọ́. Bébà rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n. Nílé pàápàá, àwọn bàtà rẹ̀ máa ń tò lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí ọmọ iléèwé tó fẹ́ kọrin.

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Atẹ̀wé ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan tí wọn kì í ti í gba àṣìṣe; bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá ti ṣì, bébà náà ti bàjẹ́ nìyẹn, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Màmá máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, àti fún ẹni tí kò fẹ́ gbọ́, pé ọwọ́ òun kì í ṣì. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Ọmọ kan yìí ló bí, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń gbé nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré tí baba fi sílẹ̀. Ìfẹ́ pọ̀ nínú ilé náà, àmọ́ ìmọ́tótó pọ̀ jù ú lọ.

Òjò ọdún náà ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí ayàwòrán-ilé tuntun kan dé sí ọ́fíìsì. Obìnrin ni. Ohùn rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì máa ń dúdú nígbà gbogbo nítorí pẹ́ńsù rírọ̀ tó ń lò. Ayàwòrán ni gbogbo wọn ń pè é. Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ dà bí àìsàn lójú Rúlà. Obìnrin náà kì í lo rúlà, kì í sì í lo rọ́bà ìpawérẹ́. Ó ní bébà fẹ́lẹ́ kan tó ká bí ẹní, irú èyí tí èèyàn lè máa rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Yóò ya àwòrán kékeré kan sórí rẹ̀ wéréwéré bí ẹni ń họ ara. Yóò wò ó. Yóò fa bébà mìíràn yọ, yóò tẹ́ ẹ lé e lórí. Èyí tó bá dára nínú ti ìsàlẹ̀, yóò tún un fà sí tòkè. Èyí tí kò bá dára, yóò fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn bébà náà á ti gun ara wọn lórí bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Kì í ju ọ̀kankan nù. Ó ní èyí tí kò wúlò lónìí lè wá la òun lójú lọ́la.

Iléèwé jẹ́léósinmi kékeré kan ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jọ ṣe. Ayàwòrán gbé àwòrán rẹ̀ kalẹ̀, Rúlà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un fà. Ó dé ibì kan, ó rí ògiri kan tó wọ́. Kò wọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́, bí ẹni tó gbé èjìká kan sókè. Rúlà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ohun tí ń ṣe àwọn tí kì í lo rúlà nìyí. Ó ṣàánú obìnrin náà, kò dójú tì í, ó kàn bá a tọ́ ògiri náà jẹ́jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ayàwòrán ti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iléèwé náà dé pẹ̀lú erùpẹ̀ ní bàtà. Àwọn bíríkìlà ti na okùn fún ògiri náà, okùn ọ̀hún sì tọ́ gbọnrangandan. Obìnrin náà kò pariwo. Ó fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Rúlà, ó béèrè ohun tó ṣe ògiri yẹn.

“Ó wọ́ ni, mà,” ni Rúlà wí. “Mo bá yín tọ́ ọ.”

Ayàwòrán dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi ìka lé ibi tí àga olùkọ́ máa wà nínú àwòrán náà, ó ní kí Rúlà ṣe bí ẹni pé òun ni olùkọ́ tó jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi pẹ́ńsù fa ìlà láti ojú olùkọ́ yẹn lọ sí ibi ẹ̀rọ omi nínú ọgbà. Ìlà náà lọ, ó lọ, ó forí sọ ògiri tí Rúlà tọ́. Ó wá tẹ́ àwòrán tirẹ̀ lé e lórí, ó tún ìlà náà fà, ìlà náà sì yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri wíwọ́ yẹn kọjá, ó dé ìdí omi wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ó ṣàlàyé pé ọmọ kékeré ni yóò máa dúró nídìí omi yẹn, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ máa rí i láìdìde. Ojú ti Rúlà dé etí. Ó ní kó má bínú, òun rò pé ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì ni.

Ayàwòrán bú sẹ́rìn-ín. “Ọwọ́ mi máa ń ṣì dáadáa, ẹ má wulẹ̀ tan ara yín. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ máa bi mí. Tí ẹ bá ti rí ìlà tó wọ́, ẹ gbé e wá, kí ẹ ní, ṣé ọwọ́ ni àbí ọkàn?”

Ìyẹn ló dá wọn pọ̀. Bí Rúlà bá ti rí ohun tí kò tọ́, á dìde, á gbé bébà lọ bá a, á béèrè. Nígbà mìíràn obìnrin náà á ní ọwọ́ ni, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan gbá tábìlì òun. Nígbà mìíràn á ní ọkàn ni, á sì fa àga fún un, á ṣàlàyé. Kò pẹ́ tí Rúlà fi ṣàkíyèsí pé òun ti ń wá ìlà wíwọ́ kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú kápẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tí kò bá rí ọ̀kankan, oúnjẹ ọ̀sán kì í wọ̀ ọ́ lára.

Ó kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan lọ́dọ̀ obìnrin náà. Ayàwòrán mú un lọ sí ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí, kò sì jẹ́ kó yọ pẹ́ńsù. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó. Wọ́n wo ibi tí oòrùn ń gbà yọ, wọ́n wo ibi tí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ti tẹ koríko mọ́lẹ̀ láìsí ẹni tó là á lọ́nà fún wọn. Ìgbà tí wọ́n padà dé ọ́fíìsì ló tó ya nǹkan, kì í sì í ṣe ògiri. Àwọn róbótó kéékèèké ló yà: ibi ìsinmi, ibi oúnjẹ, ibi ariwo, ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn tó bá ń wá ara wọn, ó sún wọn mọ́ra. Àwọn tó bá ń bá ara wọn jà, ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó ní ògiri kàn máa ń dé lẹ́yìn láti wá jẹ́rìí sí ohun tí wọ́n ti bá ara wọn sọ ni.

Ohun kan tún wà tí Rúlà gbọ́, tí kò gbé sọ́kàn tó bó ṣe yẹ. Ó bi í pé kí ló dé tó fi máa ń gbé àwòrán wúruwùru lọ bá àwọn onílé, nígbà tí òun lè bá a tún un fà kó dùn ún wò. Ayàwòrán ní bí onílé bá rí èyí tó mọ́ tónítóní, á ní ó dára, á lọ sílé, á máa banú jẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá rí èyí tó rí wúruwùru, á gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ ẹni, á ní rárá o, ibí kọ́ ni ibùsùn mi máa wà.

Ìyá kan wà ní ọ́fíìsì náà tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá, tó sì ń po tíì. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ilẹ̀kùn tàbí ọ̀rọ̀ kan tí kò lè ṣí. Lọ́jọ́ kan ó gbé tíì sí iwájú Rúlà, ó bi í pé ìlà wo ló tún wọ́ lónìí. Rúlà ní kò sí. Ìyá náà ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó kàn ya òun lẹ́nu pé odindi ọkùnrin ń gbé bébà kiri láti àárọ̀ bí ẹni tí wọ́n rán ní iṣẹ́ tí kò mọ ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹ fún. Rúlà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un: pé ọkàn òun ti fà sí Ayàwòrán, ṣùgbọ́n pé obìnrin náà ju òun lọ níwèé, pé ọ̀gá òun ni, pé òun kò mọ ibi tí òun á ti mú un. Ó bẹ̀ ẹ́ kó bá òun wádìí.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ lọ, kò sì pẹ́ tó fi padà dé pẹ̀lú ẹ̀rín lábẹ́ ètè. “Ó ní kí o wá sọ ọ́ fúnra rẹ. Ó ní òun mọ bí o ṣe ń béèrè ìbéèrè, pé kí ló wá dé tí ti èyí fi gba alárenà.”

Rúlà lọ. A kò mọ gbogbo ohun tó sọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jọ rìn lọ sí ìdíkọ̀ nírọ̀lẹ́, tí “ẹ” sì di “o” láàárín wọn nígbà tí kò bá sí ẹlòmíràn nítòsí.

Òjò mìíràn ti rọ̀ tán kí Rúlà tó pinnu láti sọ ti ìgbéyàwó. Ó rò ó pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló yẹ ayàwòrán-ilé, ìyẹn ni kí òun ya ilé fún un. Gbogbo ìsinmi rẹ̀ ló fi sí i. Ilé àwọn méjèèjì ni, àti ti Màmá, lórí ilẹ̀ tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì baba rẹ̀ wà. Ó fi yíǹkì dúdú fà á, ó wọn ohun gbogbo. Ó fún Ayàwòrán ní yàrá iṣẹ́ tó kọjú sí oòrùn òwúrọ̀, ó tilẹ̀ ya ibi tí bàtà rẹ̀ máa wà. Nítorí pé orúnkún ti ń yọ Màmá lẹ́nu, tí àtẹ̀gùn sì ti di ìjà fún un, ó gbé yàrá rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Nígbà tó parí, ó wò ó, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Kò tíì ya ohun tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó pe Ayàwòrán wá sílé ní ọjọ́ ìsinmi kan kó wá mọ Màmá. Lẹ́yìn tíì àti búrẹ́dì, ó nu tábìlì, ó tẹ́ àwòrán náà síwájú àwọn obìnrin méjèèjì, ó ní ohun tí òun ń gbèrò nìyí, ó wá fọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tó fẹ́ gba ẹ̀bùn.

Àwọn obìnrin náà tẹ orí ba. Wọ́n wo bébà náà láti etí dé etí.

Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bi í pé níbo ni òun wà níbẹ̀. Rúlà fi ìka hàn án.

“Ẹ̀yìn kíṣìnì,” ni Màmá wí. “Ibi tí wọ́n máa ń gbé síńlíńdà gáàsì sí.”

Rúlà yíjú sí Ayàwòrán fún ìrànwọ́. Obìnrin náà fi ọwọ́ pa etí bébà náà jẹ́jẹ́. Ó ní ó mọ́, ó mọ́ gan-an ni, àmọ́ òun ti wò ó yíká, òun kò rí ibi tí òun lè fi pẹ́ńsù kàn. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Bí ó ti dìde láti lọ ni àpò rẹ̀ ṣubú, tí bébà fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ sì tú sílẹ̀ láti ìdí àga dé ẹnu ọ̀nà. Àtẹ̀gùn ilé ìkàwé kan ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí ní ọ̀sẹ̀ náà. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kó o, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bi í bóyá àtẹ̀gùn kan ṣoṣo náà ni gbogbo èyí. Ayàwòrán ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, kò tíì parí.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì dé géètì tí Màmá fi yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ọkọ mi, ẹni tí kò mọ àtẹ̀gùn tó fẹ́, ọkọ tó fẹ́ ló máa mọ̀? Àwòrán kan ni ìwọ náà máa jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Tó bá wò ọ́ tán, á tẹ́ bébà mìíràn lé ọ lórí.”

Rúlà fẹ́ rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín kọ̀. Màmá ní kó má sọ fún òun pé obìnrin náà níwà, òun rí i pé ó níwà. Ó ní ẹni tí kò lè fọwọ́ sí nǹkan kan kó sì parí ni òun kò fẹ́ nínú ilé òun, òun kò sì ní gbà.

Ọ̀rọ̀ náà bá Rúlà lọ sí ibi iṣẹ́ bí òkúta nínú bàtà. Ó ń wo bí Ayàwòrán ṣe ń tẹ́ bébà lé bébà, gbogbo ìgbà tó bá sì fa tuntun yọ ni ọ̀rọ̀ Màmá ń padà wá sí i létí. Kò gbé ìlà wíwọ́ kankan lọ bá a mọ́. Àwọn tó wọ́ wọ̀nyẹn, ó fà wọ́n bí wọ́n ṣe wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń wá iṣẹ́ tí kò sí ṣe kó má baà bá a rìn. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ló bá a wí. Ó gbé tíì sílẹ̀, ó ní òun ti bá yàrá mẹ́ta tí kọ́kọ́rọ́ wọn sọnù jà ní ọ̀sẹ̀ yìí, kò yẹ kí òun tún máa wá kọ́kọ́rọ́ ẹnu àgbàlagbà. Ó ní kó lọ béèrè ohun tó fẹ́ béèrè.

Ó lọ. Ó dúró níwájú tábìlì Ayàwòrán láìsí bébà kankan lọ́wọ́, ó sọ ohun tí Màmá sọ, ó sì sọ pé òun náà ti ń rò ó.

Ayàwòrán gbọ́ ọ dópin. Ó fa gbogbo bébà àtẹ̀gùn náà wá, ó tò wọ́n léra gẹ́lẹ́, ó gbé wọn sára wíńdò kí ìmọ́lẹ̀ lè gbà wọ́n kọjá. Ó ní kí Rúlà wò ó dáadáa, kó sọ ohun tó rí. Rúlà kọ́kọ́ rí ìdàrúdàpọ̀. Nígbà tó yá, ó rí ìlà kan tó dúdú ju gbogbo ìyókù lọ: ibi tí àtẹ̀gùn náà ti ń yíwọ́ lọ́wọ́ ìsàlẹ̀, tó ti ń yí gba ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Ó ṣí àwọn bébà náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìlà náà wà ní gbogbo wọn. Ibì kan náà ló wà, kò sún.

“Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ yà,” ni obìnrin náà wí. “Gbogbo ìyókù ni mo ń pààrọ̀. Ìyẹn, mi ò pààrọ̀ ẹ̀ rí. Bí mo ṣe ń tẹ́ bébà lé e lórí, ṣe ni mo ń tún un fà.”

Rúlà fi ìka tọ ìlà náà. Ayàwòrán wá tẹ̀ síwájú, ó ní òun fẹ́ ẹ, kó yéé máa wò bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ṣùgbọ́n òun kò ní wọ ilé tí ìyá rẹ̀ bá jókòó sí ẹ̀yìn kíṣìnì níbẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́, kódà bí ó bá kọ́ yàrá márùn-ún fún òun. Ó ní àwòrán tó yà yẹn, ó yà á tán kó tó bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Màmá.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ayàwòrán kan ilẹ̀kùn Màmá. Kò sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rárá. Ó ní òun wá nítorí àtẹ̀gùn, pé Rúlà sọ pé ó ń fìyà jẹ Màmá. Màmá ní òun kò ní kí ẹnikẹ́ni bá òun tún àtẹ̀gùn ṣe, pé yàrá òun òkè ni òun fẹ́, ibẹ̀ ni òun àti ọkọ òun ti jọ gbé ayé wọn, òun kò sì ní sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹ̀yìn kíṣìnì. Ayàwòrán gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ya Màmá lẹ́nu, ó sì jẹ́ kó wọlé.

Gbogbo ohun tí obìnrin náà ṣe lọ́jọ́ náà ni pé ó jókòó sídìí àtẹ̀gùn, ó ń wo bí Màmá ṣe ń gòkè, tó ń sọ̀. Ó rí i pé ògiri ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ti dúdú, ó sì ń dán, ní àwọn ibì kan tí ọwọ́ Màmá máa ń dì mú bí orúnkún bá dùn ún. Ó rí i pé Màmá máa ń dúró díẹ̀ níbi tí àtẹ̀gùn ti yíwọ́, tí yóò fi èjìká ti ògiri, tí yóò mí kanlẹ̀. Nígbà tó yọ pẹ́ńsù, àwọn àbàwọ́n ọwọ́ yẹn ló kọ́kọ́ yà. Ó fa igi ìdìmú kan gba ojú wọn kọjá. Ó sì ya ìjókòó kékeré kan síbi ìyíwọ́, pẹ̀lú wíńdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ rí wúruwùru. Ó gbé e fún Màmá.

Màmá wò ó bí ẹni ń wo ìwé tí ọmọ iṣẹ́ tẹ̀. “Ìjókòó yìí ga jù. Ṣé mo fẹ́ gun ẹṣin ni? Igi yìí náà kò dé òkè. Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?”

Ayàwòrán na pẹ́ńsù sí i. Màmá ní rárá, òun kì í fi dúdú ṣe àtúnṣe. Ó lọ sínú yàrá, ó mú pẹ́ńsù pupa ọjọ́ ọ́fíìsì rẹ̀ jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, Ayàwòrán á gbé bébà wá, Màmá á fi pẹ́ńsù pupa kọ àtúnṣe sí gbogbo ara rẹ̀, obìnrin náà á tẹ́ bébà mìíràn lé e, á fi ohun tí Màmá wí sí i, Màmá á tún rí àṣìṣe mìíràn. Ẹni tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá àṣìṣe nínú ìwé ẹlòmíràn wá rí ẹni tó ń gbé àṣìṣe fún un tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Nígbà tó ṣe, Rúlà bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ife mẹ́ta ni Màmá ń tò sórí tábìlì láàárọ̀ Sátidé, tó sì ti gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù pupa sílẹ̀. Màmá ní ọmọbìnrin yẹn kò mọ nǹkan kan àfi bí òun bá sọ fún un. Ó wá ní ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ràn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó ní kí ló dé tí kò tíì dé, ṣé ọkọ̀ ni kò rí ni.

Síbẹ̀, kò sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Rúlà kò bi í, Ayàwòrán sì ní kó má bi í, pé ó ń bọ̀. Àyà Rúlà kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀. Ó mọ ìyá rẹ̀: ẹni tó sọ pé òun kò ní gbà, tí kò sì tíì yí i padà.

Ní Sátidé kan, Màmá sọ pẹ́ńsù pupa kalẹ̀, ó ní ó tó, òun kò rí nǹkan kan tún ṣe mọ́. Ó gbé bébà tó gbẹ̀yìn fún Rúlà kó lọ fi yíǹkì fà á. Àwọn obìnrin méjèèjì jókòó ti tíì, Rúlà sì tẹ́ bébà náà sórí tábìlì lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, ó mú rúlà, ó bẹ̀rẹ̀. Igi ìdìmú tọ́. Àwọn ìgbésẹ̀ àtẹ̀gùn tọ́. Ó dé orí ìjókòó ibi ìyíwọ́. Màmá fúnra rẹ̀ ló fi pupa tún un yà, ìjókòó náà sì wọ́. Ó yẹ kó kọjú sí wíńdò gbọọrọ, ṣùgbọ́n ó dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọwọ́ Rúlà ti gbé rúlà lé e. Ó dá a dúró. Ó gbé bébà náà, ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìlà yìí. Ṣé ọwọ́ ni àbí ọkàn?”

Ayàwòrán gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Màmá nu ẹnu rẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó wo ọmọ rẹ̀ bí ìgbà tó bá fọ́ àwo.

“Tí mo bá kọjú sí wíńdò tààrà, ilé aládùúgbò ni màá máa wò. Bí mo ṣe yà á yẹn, mo ń rí géètì. Màá lè rí yín tí ẹ bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.”

Rúlà bi í pé ta ni “yín”, ṣé òun nìkan kọ́ ló ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wá sí ilé yìí ni.

“Ìwọ àti ìyàwó rẹ,” ni Màmá wí, ó sì na ọwọ́ sí ife tíì rẹ̀. “Ọkàn ni. Ìgbà wo ni ọwọ́ mi ṣì rí?”

Rúlà fi rúlà sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ lásán fa ìlà náà bí Màmá ṣe yà á, ìlà náà kò sì jọ̀lọ̀, ṣùgbọ́n kò tún un ṣe.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó nígbà tí wọ́n tún àtẹ̀gùn náà ṣe tán, tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ sì gbẹ. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, ó sì sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó tì í pé òun ló ṣí ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, bí tọkọtaya náà bá ti dé géètì nírọ̀lẹ́, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á sì rí Màmá nídìí wíńdò níbi ìyíwọ́ àtẹ̀gùn, á ti máa wo aago, á ní wọ́n pẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò sọ pé wọ́n pẹ́. Ó ní kí ìyàwó òun sọ àpò sílẹ̀ kó mú bébà fẹ́lẹ́ rẹ̀ wá, pé láti àárọ̀ ni òun ti ń wo kíṣìnì, ó sì dà bíi pé ògiri kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kó tọ́. Pẹ́ńsù pupa ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.